Ilé Aláìnígun Létí Òkun: Ṣé Ká Rà Á?

Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ilé àti ilẹ̀, láti ọwọ́ Bàbá Kọ́lékọ́lé

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì ìjọba. A ti ń múra àtipadà sílé. Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi ọkùnrin fi fídíò ilé kan ránṣẹ́ sí wa, ní ọ̀nà Ẹlẹ́kọ, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ayàwòrán kan ló kọ́ ọ fún ara rẹ̀. Ó ti di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ tà á. Ilé náà ò ní igun kankan. Ṣe ni ògiri rẹ̀ ń yípo, ilẹ̀ pupa ló fi mọ ọ́n, òrùlé rẹ̀ sì rọra ń dà wálẹ̀ sí ìhà òkun. Igi àgbọn méjì wà níbẹ̀ tí ayàwòrán náà kọ̀ láti gé, wọ́n gba inú òrùlé yọ sókè. Éjẹ́ǹtì ń pè é ní ilé ọ́gánííkì. Owó tí wọ́n ń pè kò ju ti dúpúlẹ́ẹ̀sì tuntun ládùúgbò náà lọ.

Ọkàn mi ti lọ sínú ilé náà pátápátá. Àbúrò mi ní ká rà á nítorí ilẹ̀ rẹ̀, ká wó o, ká kọ́ dúpúlẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Ọkọ mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo rí i nínú fídíò pé kọnkéré ti já kúrò lára òpó kan lẹ́yìnkùlé, irin sì yọ síta. Kí ni ká ṣe?

— Ìyá Ìbejì, Maryland

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ìbejì náà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lára òpó ẹ̀yìnkùlé yẹn, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé náà wà. Éjẹ́ǹtì lè sọ fún yín pé kékeré ni, kí bíríkìlà kan fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́, ó parí. Ẹ má gbà á gbọ́.

Atẹ́gùn òkun máa ń gbé iyọ̀ wá. Ojú kì í rí i. Inú ọ̀rinrin ló máa ń bá wọ ara ilé, yóò sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú kọnkéré títí yóò fi kan irin. Kọnkéré tó dáa kì í jẹ́ kí irin inú rẹ̀ dípẹtà, sìmẹ́ǹtì ló ń dáàbò bò ó. Bí iyọ̀ bá ti dé ibẹ̀, ààbò yẹn bà jẹ́ nìyẹn. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, ìpẹtà á sì máa wú ju irin tó jẹ lọ. Kò sí àyè fún un nínú kọnkéré, ló bá ń ti kọnkéré síta títí yóò fi já bọ́. Òpó tí ẹ rí nínú fídíò ti dé ìpele yìí. Àwọn òpó àti igi àjà tí kò tíì já ni ẹ ní láti wádìí, nítorí iṣẹ́ kan náà lè ti máa lọ nínú wọn.

Ẹ gba ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ COREN, àjọ tó ń ṣètò iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, kí ó má jẹ́ ẹni tí éjẹ́ǹtì mú wá. Ẹ ní kó mú òòlù, kó máa kan ara òpó àti abẹ́ àjà kiri. Ibi tí ó bá ń dún gbáagbò, tí kò dún kiki, kọnkéré ti ń ṣí kúrò lára irin níbẹ̀. Kó la ibi díẹ̀, kó wọn bí kọnkéré ṣe nípọn tó lórí irin. Létí òkun, èmi kì í fẹ́ kó dín ní mílímítà 50. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́lé ládùúgbò wa, ẹ óò bá a pé kò ju ìbú ìka kan lọ. Kó bù lára kọnkéré náà lọ sí ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n sọ bó ṣe lágbára tó, kí wọ́n sì sọ bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ẹ bi àwọn ọmọ olóògbé pé níbo ni bàbá wọn ti rí yanrìn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, bíríkìlà sì ni bàbá mi. Bí onítípà bá já yanrìn sílẹ̀, bàbá mi á bù díẹ̀ sẹ́nu kó tó sanwó. Bí ó bá níyọ̀, onítípà á kó o padà. Ní ìlú tó wà létí omi, ìwà ọgbọ́n nìyẹn, torí pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń wa yanrìn etí òkun lóru, tí wọ́n á fi kọ́lé láìfi omi tútù fọ̀ ọ́. Ilé tí wọ́n bá fi irú yanrìn bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ara rẹ̀ ni iyọ̀ wà látọjọ́ tí wọ́n ti dà á. Kò dúró de atẹ́gùn.

Ohun kejì tí ẹnjiníà gbọ́dọ̀ sọ fún yín ni ohun tó wà lábẹ́ ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri yẹn. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa ni ayàwòrán fi mọ ọ́n, tó jẹ́ pé ògiri fúnra rẹ̀ ló ru òrùlé, ara ìròyìn ayọ̀ ni. Irin díẹ̀ ló wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, a sì lè pààrọ̀ àwọn òpó tó bà jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ká máa fi igi gbé òrùlé dúró títí a ó fi ṣe tán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ wáyà nẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ tẹ̀ bó ṣe fẹ́, tó wá fi sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ́ ẹ lójú méjèèjì, ọ̀rọ̀ yí padà. Irú ògiri yẹn máa ń rẹwà gan-an, ó sì lágbára ju bí èèyàn ṣe rò lọ, àmọ́ wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín, sìmẹ́ǹtì tó bò ó kò nípọn, iyọ̀ kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Bí wáyà bá ti jẹ tán káàkiri, kò sí oògùn. Ẹ má fi ojú àánú wò ó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ́gánííkì tí éjẹ́ǹtì ń fi pọ́n owó ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé tí ògiri rẹ̀ bá ti yípo ni wọ́n ń sọ. Ọkùnrin tó sọ èrò yìí di ńlá ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán ilé Frank Lloyd Wright, tó kú ní 1959, ọ̀pọ̀ nínú ilé rẹ̀ ló jẹ́ pé ìlà tó gún régé ló wà lára wọn. Ohun tí ó ń wí ni pé kí ilé ti inú ilẹ̀ tó dúró lé jáde: òkúta ibẹ̀, igi ibẹ̀, bí oòrùn ṣe ń rìn níbẹ̀, bí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ṣe ń ṣe. Kí yàrá àti òrùlé àti àga má jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n jẹ́ ara kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn ilé rẹ̀ wà tó bá ọ̀rọ̀ yín mu gan-an. Ó wà ní Carmel, California, lórí àpáta létí òkun Pàsífíìkì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Della Walker ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ní àwọn ọdún 1940. Ó fẹ́ ilé tí yóò le bí àpáta tó dúró lé, tí ojú yóò sì máa gba inú rẹ̀ rí òkun. Wright fi òkúta àdúgbò náà mọ ọ́n, ó ṣe iwájú rẹ̀ ní ṣónṣó bí orí ọkọ̀ ojú omi, kí ìgbì tó bá kọlù ú lè pín sọ́tùn-ún àti òsì. Òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀, bàbà ni wọ́n fi bò ó báyìí. Ilé náà kò tóbi rárá. Ọwọ́ ìdílé kan náà ló wà títí wọ́n fi tà á ní 2023, mílíọ̀nù dọ́là 22 ni wọ́n tà á. Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni wọ́n san owó yẹn lé lórí.

Kí ẹ má sì rò pé gbajúmọ̀ orúkọ ń dá ilé dúró. Ilé Wright tó lókìkí jù lọ, Fallingwater, tí wọ́n kọ́ sórí omi tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta ní Pennsylvania, èyí tó ya àwòrán rẹ̀ ní 1935, àwọn pẹpẹ rẹ̀ tó yọ síta lórí omi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ní 2002 ni wọ́n tó fi okùn irin alágbára fà á pọ̀ kó má bàa wó. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ò sọ pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ òmíràn. Wọ́n náwó lé e.

Nílé wa níhìn-ín, a ní Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko tí wọ́n bí ní 1935. Ayàwòrán àti agbẹ́lére ni kó tó máa kọ́lé. Ilé ìjọsìn ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Dominican n'Íbàdàn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó máa ń po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì máa ń ṣí àárín ilé sí ojú ọ̀run kí òjò lè rọ̀ sí ojú kan, bí àwọn baba wa ṣe máa ń ṣe àkòdì. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé yíyà ní Venice fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹ tún lọ sí igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo. Àwọn ẹnubodè àti ojúbọ tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ṣe níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìlà tó gún. Adébísí Àkànjí tó bá a ṣe púpọ̀ nínú wọn, bíríkìlà ni kó tó di oníṣẹ́ ọnà tí ayé mọ̀. Àjọ UNESCO kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Òjò àti ìrinrin ń dá àwọn iṣẹ́ yẹn láàmú, wọ́n sì ní láti máa tún wọn ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Bí ẹ bá ra irú ilé yìí, ohun tí ẹ ń rà ni ilé àti ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ fi ojú yìí wò ó. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù ni atẹ́gùn òkun ti ń wá ní Èkó, ní pàtàkì ní ìgbà òjò. Ṣé ibẹ̀ ni fèrèsé ńlá kọjú sí, ṣé ojú ìjáde sì wà lódìkejì tí atẹ́gùn á gbà kọjá? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ayàwòrán yẹn mọ ohun tó ń ṣe, ẹ ò ní fi jẹnẹrétọ̀ sùn. Ṣé ìbòjì òrùlé yọ síta tó láti gba ògiri ilẹ̀ lọ́wọ́ òjò Òkúdù? Ṣé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, ṣé òkúta tàbí kọnkéré ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa gòkè? Ilé ilẹ̀ pupa tó bá ní fìlà tó dáa àti bàtà tó dáa lè lo ọjọ́ orí ẹni tó kọ́ ọ àti ti ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi àgbọn méjèèjì yẹn ń dùn mọ́ mi, mi ò lè fojú fò ó. Gbòǹgbò àgbọn jẹ́ okùn tín-ín-rín tó pọ̀, kì í sábà gbé ìpìlẹ̀ dìde bí ti igi ńlá. Ẹ̀rù rẹ̀ ò sí nísàlẹ̀. Òkè ni kí ẹ wò. Igi á máa mì, òrùlé kò mì. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì dè wọ́n pọ̀, ibẹ̀ ti ya, omi sì ń gbà á wọlé. Ó yẹ kí ọrùn rọ́bà tàbí àwọ̀ pánù tó rọ̀ wà níbẹ̀, tí yóò bo àlàfo láìdi igi mú. Àgbọn tó bá gbó gbọ́dọ̀ di kíká ṣáájú kó tó já lu òrùlé. Bí igi bá ti darúgbó, yóò kú lọ́jọ́ kan, ihò òrùlé ni yóò sì kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ bi káfíńtà léèrè bí yóò ṣe dí i.

Òkun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Yanrìn etí òkun wa kì í jókòó. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́. Àwọn ògiri òkúta tí ìjọba àwọn Òyìnbó mọ sí ẹnu ọ̀nà ebúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún dí i lọ́nà. Yanrìn kó jọ sí ìwọ̀ oòrùn, ìlà oòrùn sì ń jẹ. Bí Bar Beach ṣe di ohun tí òkun ń gbé lọ nìyẹn, àwọn ará Òkun Alfa náà sì ti rí tiwọn. Ẹlẹ́kọ jìnnà sí ibẹ̀, àmọ́ kò sí etí òkun tó dúró sójú kan títí. Ẹ ṣí Google Earth, ẹ fa ọdún rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ wo ibi tí omi wà sí ilé náà ní ọdún mẹ́wàá tàbí ogún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àwọn àgbà apẹja ibẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ wọn mọ́ nígbà èwe wọn hàn yín.

Ilẹ̀ wá kù. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ilé kò sì lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn ní ìlànà òfin láìgba ìfọwọ́sí rẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀ títí sọfíyọ̀ tiyín fúnra rẹ̀ yóò fi wọn ilẹ̀ náà, tí yóò sì gbé ìwọ̀n rẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní ọ́fíìsì Sọfíyọ̀ Àgbà ní Aláúsá, bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún nǹkan mìíràn. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé pẹ̀lú. Ilé aláràbarà tí ayàwòrán kọ́ fún ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má gba àṣẹ rárá, àìní rẹ̀ sì lè fún àwọn elétò ìlú láyè láti fàmì sí i lára.

Ọ̀nà etí òkun tó ń ti Èkó lọ sí Calabar, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024, ni kò yẹ kó jẹ́ kí ẹ sùn fọnfọn. Ó gba ẹ̀bá òkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí kọjá. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n wó ilé àti ibi ìgbafẹ́ ní etí òkun Victoria Island, tó fi mọ́ Landmark Beach, tí ìjọba àpapọ̀ sì ń sọ pé ilẹ̀ tó wà láàrin mítà 250 sí etí omi, àwọn ló ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ìjọba Èkó ò gbà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ìlú. Ẹ̀yin kì í ṣe ìjọba méjèèjì, ẹ má ra ìjà wọn. Kí sọfíyọ̀ wọn bí ilé ṣe jìnnà sí omi àti sí ọ̀nà náà. Bó bá wà láàrin mítà 250 yẹn, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀, ì báà rẹwà tó bí ó ti rẹwà tó.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n dá àbúrò yín lóhùn. Iyọ̀ kò ya dúpúlẹ́ẹ̀sì sọ́tọ̀. Ojú kan náà ni yóò fi wò ó, irin inú dúpúlẹ́ẹ̀sì sì pọ̀ ju ti ilé ilẹ̀ pupa lọ. Bí ẹ bá wó ilé yẹn, ẹ ti wó ohun tí ẹnì kan fi ọ̀pọ̀ ọdún wo oòrùn àti atẹ́gùn kó tó mọ. Kò sí ẹni tó tún lè kọ́ ọ padà fún yín. Bí ìwé ilẹ̀ bá mọ́, bí òkun bá jìnnà sí i, bí ẹnjiníà bá ní òpó díẹ̀ ló bà jẹ́, ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó tí wọ́n ń pè, ẹ rà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rà á. Mo sọ ọ́ láìfi bò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, kí ìfẹ́ má fi owó ogún ọdún yín ṣòfò.

Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ síbẹ̀. Ọkọ yín tí kò tíì sọ̀rọ̀, ẹ mú un dúró nínú yàrá náà lọ́sàn-án, kó gbọ́ atẹ́gùn. Ẹ tọ́ omi kànga ẹ̀rọ wò: bó bá níyọ̀, owó omi ti wọ inú ìṣirò yín nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán sà. Bíríkìlà ni mí ní Sàngótẹ̀dó. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún mi lẹ́bàá òkun, ògiri ilẹ̀ tó yípo ti ń ya. Ọ̀gá tó ni ilé ní kí n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀ kó lè lágbára. Ó dà bíi pé kò tọ́, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

— Ọmọ iṣẹ́ yín

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ojú rẹ ríran. Má fi sìmẹ́ǹtì pupọ̀ bo ògiri ilẹ̀. Ilẹ̀ máa ń mí. Ó ń gba ọ̀rinrin wọlé, ó ń tú u jáde. Sìmẹ́ǹtì líle á há ọ̀rinrin mọ́ inú, ilẹ̀ á máa rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, títí sìmẹ́ǹtì náà á fi ṣí wálẹ̀ lódindi pẹ̀lú ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Kọ́kọ́ wo irú yíya tó ya. Èyí tó bá tín-ín-rín, tó wà káàkiri ojú ògiri, gbígbẹ ló fà á, kò léwu. Èyí tó bá ti ìsàlẹ̀ gòkè wá, tó ṣí nísàlẹ̀ ju òkè lọ, ìpìlẹ̀ ló ń lọ. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ògiri rírẹ́ rárá, sọ fún ọ̀gá kó pe ẹnjiníà. Bí o kò bá dá a mọ̀, rẹ́ P.O.P. tín-ín-rín sọdá ojú yíya náà, kọ ọjọ́ sí i. Bó bá ṣẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ògiri ṣì ń rìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá ibi tí omi ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gọ́tà òrùlé tó jò tàbí ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ mọ́ ìdí ògiri ni. Tún ìyẹn ṣe kó o tó fọwọ́ kan ògiri. Ilẹ̀ tí o máa fi dí yíya, kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi mọ ọ́n. Kù ú, fi yanrìn odò sí i, fi ẹfun ìkọ́lé (láìmù) díẹ̀ sí i bí o bá rí i rà. Ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú ìwọ̀n yanrìn tó yàtọ̀ síra, jẹ́ kó gbẹ, kí o sì lo èyí tí kò ya. Fi omi rin ẹnu yíya náà kí o tó fi í. Tí ọ̀gá bá ṣì fẹ́ sìmẹ́ǹtì, sọ fún un pé inú búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa gan-an, kì í sábà ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò sí ìdí tí sìmẹ́ǹtì inú ohun tí a fi rẹ́ ẹ fi máa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Kọ́lékọ́lé, Àgbádárìgì ni mo ti ń kọ̀wé. Ọkọ mi, tó ti ṣaláìsí, ló kọ́ ilé wa sẹ́bàá òkun, róbótó ni, kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ níbí. Àwọn ọmọ wà lókè òkun, ara mi ò gbé e mọ́. Gbogbo ẹni tó bá wá wò ó, owó ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń pè, bí ẹni pé kò sí ilé lórí rẹ̀. Ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀?

— Opó kan, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìrójú, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ẹni tó ń pe owó ilẹ̀ lásán kò mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn án. Ẹ wá àwòrán tí bàbá yà kó tó kọ́lé, ì báà jẹ́ sínú ìwé ìkọ̀wé. Ẹ kó fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń mọ ọ́n jọ. Ẹ kọ orúkọ àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tó ṣiṣẹ́ náà sílẹ̀, pàápàá àwọn tó ṣì wà láàyè, torí ẹni tó bá fẹ́ rà á á fẹ́ mọ ẹni tó lè tún un ṣe. Ẹ kọ gbogbo àtúnṣe tí ẹ ti ṣe àti ìgbà tí ẹ ṣe é. Ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ fún olùrà pé kò ní bá ìyàlẹ́nu pàdé.

Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilé yíyà ní Yunifásítì Èkó tàbí ti Ifẹ̀, pé kí wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wọn ilé náà, kí wọ́n yà á sínú ìwé. Wọ́n máa ń fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwòrán náà á jẹ́ tiyín pẹ̀lú, ilé á sì di ohun tí àwọn tó mọ iyì rẹ̀ ń gbọ́ nípa rẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ ń wá. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá wò ó wá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí atẹ́gùn bá dé, ẹ má sì tan fáànù.

Mo mọ̀ pé ẹ óò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó bá rà á kò gbọ́dọ̀ wó o. Lọ́yà lè kọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: ó ṣòro láti fi mú èèyàn lẹ́yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ kan dé òmíràn, ilé ẹjọ́ sì ń pẹ́. Ẹni tí ẹ tà á fún ṣe pàtàkì ju gbólóhùn inú ìwé lọ. Bí ẹ bá lè dúró, ẹ fi háyà rẹ̀ fún àwọn tó ń wá sinmi lẹ́bàá òkun ní òpin ọ̀sẹ̀, kí owó díẹ̀ máa wọlé, kó má bàa jẹ́ pé àìlówó ni yóò tì yín tà á.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ ò bi mí. Bí bàbá kò bá ṣe ìwé ìhágún kó tó lọ, ẹ ò lè tà á lórúkọ yín nìkan. Ẹ ní láti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Bí ẹ bá ń lọ rí lọ́yà, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú bàbá, ìwé ìgbéyàwó yín àti orúkọ gbogbo ọmọ dání, tó fi mọ́ èyí tó wà lókè òkun tí kì í pè.